Àbẹ̀kẹ́, ọ̀rọ̀ kànga ilé yín rèé o

Òkè-Àró,
Àkúrẹ́.

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé òtútù Winnipeg kò tíì sọ ọ́ di ẹlòmíràn? Ọ̀rọ̀ tí a jọ sọ lórí fóònù níjọ́sí kò tó mi rárá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló já a gbà mọ́ wa lẹ́nu. Mo sì ní ọ̀rọ̀ kan nínú tí n kò fẹ́ fi sórí WhatsApp, torí mo mọ̀ ọ́: kí n tó sọ ọ́ tán, o ti fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí. Kà á tán kí o tó bínú.

Ẹ jẹ́ ká sáré sọ àwọn tó kù. Àbúrò mi ti bí obìnrin, ó jọ ìyá ọkọ rẹ̀, Ọlọ́run á dá sí i. Ẹgbẹ́ akọrin ti lé adarí yẹn, o mọ ẹni tí mò ń wí. Iye tí wọ́n ń ta ata lỌ́jà Ọba, má bi mí. Mo kọjá níwájú ilé ìyá ẹlẹ́ran yẹn lánàá, èmi nìkan ni mo bú sẹ́rìn-ín lójú títì, àwọn èèyàn rò pé orí mi ti dàrú. Àárò rẹ ń sọ mí o.

Ó yá, ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Àwọn kan wá láti yunifásítì, wọ́n mú lára àwa òṣìṣẹ́ ìlera pé ká bá wọn ṣe ìwádìí láti àdúgbò dé àdúgbò. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni ìdí tí ọmọ tí wọ́n bí sí Alágbàká àti èyí tí wọ́n bí sẹ́yìn Ọjà Ọba, nínú ìlú kan ṣoṣo, kì í fi í ṣàìsàn bákan náà. Ṣé omi ni? Ṣé èéfín ni? Àbí owó? Bí a bá wọlé, a óò bèèrè bóyá sìmẹ́ǹtì ni ilẹ̀ ilé tàbí táìsì, bóyá igi, èédú tàbí gáàsì ni wọ́n fi ń dáná, bóyá eku ń wọ gààrí wọn (o mọ ọ̀rọ̀ ibà Lassa tó ń da Ọ̀wọ̀ láàmú), ibi tí wọ́n ti ń pọn omi, bóyá wọ́n ní fíríìjì.

Fíríìjì yìí ló ń fa wàhálà. Bàbá kan ní Ìsinkàn ní òun kò ní, ó rò pé owó orí la wá gbà. Ibi tó ti ń búra lọ́wọ́ ni ìyàwó rẹ̀ ti gbé omi tútù jáde fún wa láti yàrá. Bàbá ní omi aládùúgbò ni. Mo wo ìyàwó, ìyàwó wo ilẹ̀. Ní Alágbàká ńkọ́? Mégáàdì là ń bá sọ̀rọ̀. "Ọ̀gá kò sí nílé." A sì ń gbọ́ tí ọ̀gá ń pariwo "góòlù!" nídìí tẹlifíṣọ̀n. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, wọ́n á gbé àga síta, wọ́n á fún ọ ní àgbálùmọ̀, wọ́n á tún bi ọ́ ìgbà tí ìjọba máa dá ohun tí wọ́n sọ lóhùn. Èmi náà kò mọ̀.

Àbẹ̀kẹ́, èmi ni mò ń kọ orúkọ aláìsàn sínú ìwé ní ilé ìlera wa, o mọ̀. Ẹni tó bá wá ni mò ń kọ. Ẹni tí táífọ́ọ̀dù dá dúbúlẹ̀, tó lọ ra oògùn àpòpọ̀ lọ́wọ́ kẹ́mìsì, tó wá fi àgbo lé e, kò sí nínú ìwé kankan. Ẹni tó lówó tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ń kọ táífọ́ọ̀dù sí lórúkọ. Bí ẹnì kan bá wá jókòó sí ọ́fíìsì tó ń ka ìwé yẹn nìkan, ó lè gbà pé àdúgbò olówó ni àìsàn pọ̀ sí, pé ara àwa ará Òkè-Àró dá ṣáṣá. Bó o bá sì ní o fẹ́ fi iye èèyàn pín iye aláìsàn, èèyàn mélòó? Ọdún 2006 ni wọ́n ka àwa ará Nàìjíríà gbẹ̀yìn. Wọ́n ní 353,211 la jẹ́ ní Gúúsù Àkúrẹ́. Iye yẹn náà ni wọ́n ṣì ń bù díẹ̀díẹ̀ kún lọ́dọọdún. Gbogbo ilé tó ti hù láti ìgbà tí o ti lọ, ta ló wo inú wọn?

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti omi. Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF sọ pé bí orísun omi bá dára, tí lílọ, títò sórí ìlà àti bíbọ̀ kò bá ju 30 ìṣẹ́jú lọ, o ti bọ́ sí ipò tó tẹ́rùn díẹ̀. Ó dáa. Ẹnì kan yí ẹ̀rọ omi ní kíṣínì, kò lo ìṣẹ́jú kan. Ọmọdébìnrin kan ru kẹ́ẹ̀gì, ó lo 50. Pa wọ́n pọ̀, pín in sí méjì, gbogbo wa ti yege! Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn bí wọ́n ṣe ṣe Àbíyẹ́, ètò ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó fún àwọn aboyún, ní Ìfẹ́dọ̀rẹ́ lọ́dún 2009. Wọ́n wá àwọn aboyún lọ sílé, wọ́n fún wọn ní fóònù kí wọ́n lè pe òṣìṣẹ́ ìlera. Wọn kò jókòó máa retí ẹni tó máa wá.

Mo ń pẹ́ ọ̀rọ̀ sọ torí mi ò fẹ́ dé ilé yín. Ó yá, a ti débẹ̀.

Ìgò kékeré kan wà tí a fi ń yẹ omi wò, oògùn wà nísàlẹ̀ rẹ̀. O máa bu omi sí i dé ojú ìlà, wàá dé e, wàá gbé e síbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bí ìgbẹ́ bá ti dé inú omi yẹn, ó máa dúdú, ó sì máa rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Kò ní sọ orúkọ kòkòrò tó wà níbẹ̀ fún ọ o, ṣùgbọ́n á ní kí o ṣọ́ra. Nígbà tí mo ń fa omi kànga yín, Màmá dúró tì mí, wọ́n ń ṣẹ̀fẹ̀: "Wòlíì wo lo fẹ́ gbé omi mi lọ fún?" Lọ́jọ́ kejì mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Ìgò ilé yín ti dúdú láti ìsàlẹ̀ dé ọrùn. Mo fọ ọwọ́, mo mú ìgò mìíràn, mo tún un ṣe. Dúdú náà ni.

Kì í ṣe àjẹ́, Bọ̀dá Àgbà, ẹ̀gbọ́n rẹ, ni. Àwọn yàrá àti pálọ̀ tí wọ́n kọ́ sẹ́yìnkùlé fún àwọn ayálégbé, tó ní ṣáláńgá olómi nínú, ibo lo rò pé wọ́n gbẹ́ sọ́kàwéè rẹ̀ sí? Òkè kànga gan-an. Mo fa téèpù, mítà 8 ni. Ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé kó tó 30. Ilẹ̀ tiwa kì í jìn kó tó kan àpáta, omi ìdọ̀tí á sì wá ojú ibi tí àpáta ti sán gbà. Mo fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ fún wọn. Wọ́n ní kànga tí Bàbá gbẹ́, tí gbogbo wa mu dàgbà, ta ló pa? Ó ń yún mi lẹ́nu láti sọ pé nígbà tí Bàbá gbẹ́ ẹ, kò sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mẹ́fà lókè rẹ̀. Ìyàwó wọn ti ń wò mí lókè nílẹ̀, mo bá ní ẹ kú iṣẹ́, mo jáde. Ṣé o mọ̀ pé píọ́ wọ́tà ni àwọn fúnra wọn ń mu? Báàgì méjì wà lẹ́nu ọ̀nà wọn!

Màmá kò tíì ṣàìsàn, fọkàn balẹ̀. Àwọn ọmọ ayálégbé ló ń bà mí nínú jẹ́. Téèpù kan wà tí a fi ń wọn apá òsì ọmọdé ká lè mọ̀ bóyá ó ti rù jù: àwọ̀ ewé, kò séwu, yẹ́lò, kò tó sẹ̀ǹtímítà 12.5, pupa, kò tó 11.5, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Mo fa á mọ́ ọmọ ọdún méjì kan lápá, yẹ́lò ló yọ. Ìyá rẹ̀ ní ìdílé bàbá rẹ̀ ni kì í sanra. Mo bi í bóyá ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe é. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, eyín ló ń hù. Ọmọ ọdún méjì! Ó ní ti gbogbo ọmọ inú ọgbà náà ló ń hù lẹ́ẹ̀kan náà.

A kì í gbé èsì ilé kan jáde fún ẹlòmíràn, àmọ́ Màmá ló rán mi. Wọ́n ní, "Kọ̀wé sí Àbẹ̀kẹ́, òun nìkan ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gbọ́ sí lẹ́nu." Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ nìyẹn. Bá wọn sọ ọ́. Má fi àṣẹ sọ ọ́, o mọ̀ wọ́n. Sọ pé owó tí o ń fi ránṣẹ́ fún fẹ́ǹsì, kí wọ́n fi kó sọ́kàwéè náà lọ sí ìsàlẹ̀ ọgbà ná. Kí wọ́n sì jẹ́ kí àwọn ayálégbé mọ̀, kí oníkálukú máa se omi kó hó dáadáa kó tó mu ún. Màmá ti ní àwọn ò lè máa fi gáàsì se omi bí ẹni ń se iṣu, nítorí náà fi owó gáàsì kún un.

Ìrọ̀lẹ́ Sunday ni kí o pè wọ́n, tí wọ́n bá ti jẹun tí wọ́n sì ti sùn díẹ̀. Bí wọ́n bá bi ọ́ ẹni tó sọ fún ọ, Màmá ni o. Má dárúkọ mi, torí mo ṣì fẹ́ padà lọ wọn apá ọmọ yẹn.

Èmi ni tìrẹ,
Àṣàkẹ́