Àpò tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀ ni kí ẹ bá wa wá

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Mo ka ìròyìn yín nípa àwọn tó ń da oògùn apakòkòrò sórí ẹ̀wà. Ẹ kú iṣẹ́, ṣùgbọ́n mímú oníṣòwò nìkan kò lè yanjú ẹ̀. Ẹni tí kò bá rí ọ̀nà mìíràn, ìdí oògùn náà ni yóò tún padà sí.

Láti oko ni kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀wà ti ń bá a wọlé. Abo rẹ̀ a lẹ ẹyin funfun tíntìntín mọ́ ara èso. Ọmọ tó bá pa á luhò wọnú, a máa jẹ ẹ́ lábẹ́lẹ̀. Bí nǹkan bí oṣù kan bá pé, ó ti hùyẹ́, ó jáde, ó fi ihò róbótó sílẹ̀. Ẹ̀wà tó ń dán lójú yín lónìí lè ti ní tirẹ̀ nínú.

Dichlorvos, oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń fọ́n sí i yìí, wà lára ohun tí ilẹ̀ Yúróòpù fi fòfin de ẹ̀wà Nàìjíríà lọ́dún 2015. Àwa tó ń jẹ ẹ́ nílé ńkọ́?

Àpò kan wà tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, PICS ni wọ́n ń pè é: ọ̀rá méjì nínú, àpò híhun lóde. Tí ẹ̀wà bá gbẹ dáadáa, tí a so ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan pinpin, afẹ́fẹ́ á tán mọ́ kòkòrò nínú. (Ẹ ṣáà ṣọ́ eku!) Ó wọ́n ju àpò lásán lọ. Kí ìjọba ìbílẹ̀ gbé e wá sọ́jà ní ẹ̀dínwó kí ìkórè tó dé.

Oníṣòwò ẹ̀wà,
Bódìjà, Ìbàdàn.