Má sọ fún wọn pé kí wọ́n yára: lẹ́tà sí ọmọ mi tó ń ṣe tíṣà ní Oǹdó

Àkúrẹ́,
Ọjọ́ Àìkú.

Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ara bàbá rẹ ti yá, ó ti padà sóko. Ọ̀rọ̀ tí o bá mi sọ lórí fóònù lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ kò kúrò lọ́kàn mi. O ní àwọn ọmọ Pírámárì Kẹta tí wọ́n fún ọ ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì, àti pé kí wọ́n tó ka gbólóhùn kan parí, wọ́n ti gbàgbé bó ṣe bẹ̀rẹ̀. O ní bí o ṣe ń sọ pé kí wọ́n yára tó, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n túbọ̀ ń kólòlò.

Jọ̀ọ́, má sọ ọ́ mọ́. Ọmọ tó ṣì ń wá ìró lẹ́tà kiri kò ní làákàyè tó ṣẹ́kù tí yóò fi wá ìtumọ̀. Ìgbà tí ìró bá ti mọ́ ọn lára bí ọ̀nà odò ṣe mọ́ apọnmi lára, ìyára á dé fúnra rẹ̀. Ara yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí o ti bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ àṣìṣe mi fún ọ. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì mi tó ń kàwé geere bí omi. Mo máa ń ní kí gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́ fún un. Lọ́jọ́ kan mo bá a lábẹ́ igi máńgòrò níbi tó ti ń kàwé fún àbúrò rẹ̀. Ìwé náà dorí kodò lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì ṣi ọ̀rọ̀ kan kà. Etí ló fi kọ́ gbogbo rẹ̀ sórí. Odidi ọdún kan ló lò lọ́dọ̀ mi, mi ò mọ̀ pé kò mọ lẹ́tà. Ó ṣì ń dùn mí títí dòní. Nítorí náà, lọ́la, fi páálí bo ojú ìwé, gé ihò kékeré sí i, kí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láàárín máa hàn. Ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ka ìyẹn fún ọ. Ibẹ̀ ni wàá ti mọ ẹni tó ń kàwé àti ẹni tó ń ké e.

Èdè Yorùbá ni kí o fi bẹ̀rẹ̀, kódà bí àwọn òbí bá ń kùn. Lẹ́tà 25 péré ni a ní, ohun tí o bá sì rí lo máa pè. Lẹ́tà a inú Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́? Wo ohun tó ń pè nínú cat, nínú cake àti nínú father. Ọmọ tí kò tíì mọ bí a ṣe ń so ìró pọ̀, ẹ̀yìn ìyẹn lo tún fẹ́ kó máa sá tẹ̀ lé? Lọ́dún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ilé-Ifẹ̀, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, tí wọ́n sì ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ ti kà á ní Adéyẹmí, ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Oǹdó, mo mọ̀, ṣùgbọ́n rántí rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń yọ ọ́ lẹ́nu. Kí o sì ṣọ́ gb dáadáa. Lẹ́tà kan ni, àmọ́ àwọn tó ti ń kọ́ ABC Gẹ̀ẹ́sì máa ń yà á sí méjì.

Ó yá, kó wọn jáde sí iyanrìn. Fa ìlà bí ìgbà tí ẹ̀ ń ta sùwé lẹ́yìn ilé wa, kí o kọ lẹ́tà kan sínú àpótí kọ̀ọ̀kan. Ọmọ á fò sórí b, á pe ìró rẹ̀. Á fò sórí a, á pe ìyẹn náà. Ẹ̀ẹ̀kejì, kó fò ó láì sinmi. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹnu rẹ̀ á ti so ó pọ̀, á di ba, ìwọ fúnra rẹ á sì rí i lójú rẹ̀ pé ó yé e.

Lẹ́yìn náà, àmì ohùn. Èyí ni mo fẹ́ràn jù. Ohùn ìsàlẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ kan orúnkún; àárín, kí wọ́n fọwọ́ kan àyà; òkè, kí wọ́n na ọwọ́ sókè. Kọ ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ sójú pátákó. Ọkọ́: àyà, òkè. Ọkọ̀: àyà, orúnkún. Ọ̀kọ̀: orúnkún, orúnkún. Ọmọ kan ní kíláàsì mi dúró lórí ọ̀kọ̀, ó tẹ̀ síbẹ̀, ó ní, "Mà, èyí ò dìde rárá!" Láti ọjọ́ yẹn kò fi ohùn ọkọ́ pe ọ̀kọ̀ mọ́.

Tí wọ́n bá dé orí gbólóhùn, kí wọ́n máa rìn ín pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Ìṣísẹ̀ kan fún àwọn ọ̀rọ̀ tó bá jọ ń rìn: Ìyá àgbà / ra iṣu mẹ́ta / lọ́jà Ọba. Bí wọ́n bá bá kọ́mà pàdé, kí wọ́n dá ẹsẹ̀ kan dúró. Níbi tí gbólóhùn bá parí, kí ẹsẹ̀ méjèèjì pàdé. Ibẹ̀ ni ohùn ti ń wọ inú ìwé kíkà. Àyọkà kúkúrú kan náà ni kí wọ́n kà fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ṣùgbọ́n máa pa ipò àwọn gbólóhùn dà, kó má baà di ohun tí wọ́n há sórí.

Ọmọ tí kò lè fò, kó fi ìka méjì fò ó lórí tábìlì. Má fi í sílẹ̀ kó máa wo àwọn yòókù.

Má sì jẹ́ kí ijó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Ìfò tí kò bá gbé ìró lẹ́tà lọ́wọ́, eré ìdárayá lásán ni. Bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti tó, kí wọ́n wọlé, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n ṣí ìwé. Ẹni tí kò bá ṣì mọ̀ ọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bi ìyá rẹ̀ léèrè bóyá ó ń ríran, bóyá ó ń gbọ́ràn dáadáa. Fi pàṣán sílé. Ẹ̀rù máa ń dí ọmọ létí.

Mo ti gé páálí lẹ́tà 25 fún ọ, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ iyanrìn sára wọn kí ọmọ lè máa fọwọ́ tọ́ wọn. Gb wà lórí páálí kan ṣoṣo o. Awakọ̀ tó máa ń gbé wa wá sí Oǹdó ló máa bá ọ gbé e wá láàárọ̀ ọ̀la. Máa retí ìpè rẹ̀ kí o tó lọ sílé ìwé. Ẹ̀kọ mẹ́fà wà nínú àpò náà, jẹ ẹ́ kó tó kan.

Èmi ìyá rẹ ni.