Ilé ọnà lẹ́sẹ̀ Olúmọ: ẹ kọ́kọ́ wo ọ̀nà omi

Olóòtú,

Àwọn tó ń dábàá ilé ọnà kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àpáta Olúmọ, níbi téèyàn á ti jókòó jẹ́ẹ́ kó ronú, ẹ ro ti omi kẹ́ ẹ tó ro ti ẹwà. Àpáta kì í fa òjò mu. Gbogbo rẹ̀ ló ń ya wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ògiri tó bá dí i lọ́nà, àgbàrá á gbẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà, ẹ la gọ́tà sápá òkè kẹ́ ẹ tó to bíríkì kan.

Ẹ má gbẹ́ ihò irin sára àpáta. Irin tó bá dípẹtà nínú ihò a máa wú, á sì la òkúta. Pèpéle kọnkéré ni kẹ́ ẹ gbé ilé lé, kẹ́ ẹ tẹ́ ọ̀rá tó nípọn sábẹ́ rẹ̀, kó lè ṣeé kó kúrò lọ́jọ́ iwájú láìdá àpá sí òkúta.

Erùpẹ̀ pupa tí a pò mọ́ sìmẹ́ńtì bí ìdá 5 sí 8 nínú 100, tí a fi ẹ̀rọ tẹ̀ dáadáa, ló bá ibẹ̀ mu. Ẹ bo bíríkì náà, kẹ́ ẹ máa wọ́n omi sí i fún ọjọ́ 7, ó kéré tán. Oníkánjú ni tiẹ̀ máa ń rún. Ní ti òrùlé, páànù lásán kọ́ o! Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo lórí rẹ̀, ìrònú parí nìyẹn.

Ojúbọ ṣì wà níbẹ̀. Kí ayàwòrán ilé lọ rí àwọn àbọrẹ̀ kó tó fa ìlà kankan.

Àwa oníṣẹ́ ilé kan, Abẹ́òkúta