Ṣadé, kà á tán kó o tó pe ẹnikẹ́ni

Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn
Alẹ́ Sunday

Ṣadé ọkọ mi,

Mo mọ̀ pé wàá ti máa bú mi. Voice note mẹ́rin ni mo ti ṣe tí mo tún pa rẹ́, torí etí pọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn nílé yìí láti ìgbà tí màmá ẹ ti dé, ìyẹn ni mo ṣe jókòó ní kíṣìnì tí mò ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń ṣe ìdánwò. Jọ̀ọ́, kà á tán kó o tó pe ẹnikẹ́ni. Mo mọ̀ ẹ́.

Ká yáa parí ìyókù ná: Ṣọlá ti bí ìbejì, ọkùnrin ni méjèèjì, ó ní òun ò ṣe mọ́. Mọ́tò bọ̀ọ̀dá ẹ tún ti wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, mícrà ni gbogbo wa ń wọ̀ nínú òjò yìí. Ó tán. Ọ̀rọ̀ ara Àdùkẹ́ ni ò jẹ́ kí n sùn.

Ṣé o rántí pé láti bí oṣù mẹ́rin ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ ti máa ń sú, a ní ooru ni, a tún ní eyín ló fẹ́ hù. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rin báyìí, ibi tí apá ti ń ká àti ẹ̀yìn orúnkún ni, ó ti le, ó ti dúdú ju ara yòókù lọ, ó rí ṣákiṣàki, lóru ó máa họ ọ́ títí ẹ̀jẹ̀ á fi bá aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Mo gé èékánná ẹ̀ débi pé kò ku nǹkan kan, àṣé ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi etí bẹ́ẹ̀dì họ ara. Ọmọ yín náà ni, ọgbọ́n wà níbẹ̀.

Màmá wá dé. Mo fẹ́ràn màmá ẹ, o mọ̀, ìyá ọkọ wo ló tún ń gbọ́bẹ̀ fún ìyàwó ọmọ ẹ̀? Ṣùgbọ́n ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n wẹ̀ fún ọmọ, wọ́n yí i síwá yí i sẹ́yìn, wọ́n dákẹ́ lọ bí ìṣẹ́jú kan, wọ́n wá ní, "Nílé tiwa, a ò ní irú eléyìí o." Wọn ò pariwo. Wọn ì bá tiẹ̀ pariwo! Látọjọ́ náà, gbogbo ẹni tó bá yà ni wọ́n ń sọ fún, ásímà bàbá ìyàwó, ikọ́ àbúrò ìyàwó, pé ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ ni ò dáa. Ìyá Rísì tó wá ra omi tútù lásán náà ti mọ ìtàn ásímà bàbá mi látìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Mo dákẹ́, o sì mọ ìdí tí mo fi dákẹ́.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni ìpara jáde nínú báàgì, ti ọ̀dọ̀ ìyá alátíkè kan, èyí tí wọ́n ní ó ń pa kòkòrò, ó ń pa làpálàpá, ó sì ń lé ara yíyún. Ká sọ tòótọ́, láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ara ọmọ dán kooro, èmi náà jó. Nígbà tó máa fi di oṣù kejì, nǹkan náà padà, ó sì kó ẹbí ẹ̀ dání, ọrùn, àyà, gbogbo ẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń pa ìpara yẹn wá ń pọ́n, awọ ẹ̀ fẹ́lẹ́ bí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, ó ku díẹ̀ kí n máa ka iṣan. Ìgbà yẹn ni mo pọ̀n ọ́n sẹ́yìn, ó di ọ̀dọ̀ dókítà awọ ara.

Dókítà yẹn, Ọlọ́run á bá mi kẹ́ ẹ. Ó wo páálí náà, ó ní sitẹ́rọ́ọ̀dù, oògùn tó ń mú ara yíyún rọlẹ̀, èyí tó lágbára gan-an ló wà níbẹ̀, wọ́n pò ó mọ́ oògùn làpálàpá àti ti kòkòrò. Ó ní sitẹ́rọ́ọ̀dù fúnra ẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá, òun náà kọ èyí tó rọ̀ fún wa, fún ọjọ́ mélòó kan, ojú ibi tó ń yún nìkan, ṣùgbọ́n kéèyàn fi èyí tó le tó bẹ́ẹ̀ pa ọmọdé lára fóṣù méjì, awọ á tín-ínrín ni. Báásílìnì lásán ni ká fi máa ra á, tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tán tí omi ò tíì gbẹ lára ẹ̀.

Mo wá bi í léèrè ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn: ọ̀dọ̀ ta ló ti wá? Obìnrin yìí rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé mo láàyè. Ó ní awọ ara dà bí ògiri, pé purotéènì kan wà tí wọ́n ń pè ní filaggrin tó máa ń jẹ́ kí ògiri yẹn dí, ó ní Dundee ní Scotland ni wọ́n ti rí i ní 2006 pé bí àbùdá (gene tá a jogún lọ́wọ́ òbí) tó ń pèsè ẹ̀ bá ti bàjẹ́ lára èèyàn, ẹ́kísímà, àìsàn ara yíyún tó ń ṣe Àdùkẹ́ yìí, á tètè rójú wọlé. Dundee tìẹ yẹn o! Ìlú tó o ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀ àfi òtútù. Ó ní ṣùgbọ́n ìbàjẹ́ yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ lára àwa aláwọ̀ dúdú, àwọn àbùdá mìíràn ló ń ṣe tiwa, wọ́n pọ̀, oníkálukú á mú díẹ̀ wá bí ẹní ń dá èésú.

Ibi tó ti dùn mí nìyí. Ó ní ní 2017 wọ́n to ásímà, ẹ́kísímà àti káta onísísín pọ̀, wọ́n yẹ àbùdá èèyàn tó lé ní 360,000 wò, ìran òyìnbó ni wọ́n, wọ́n rí ojú ibi 136 nínú àbùdá tó kàn wọ́n, mẹ́fà péré nínú ẹ̀ ló jọ pé ó ń ṣe ojúsàájú sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìyẹn ni pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ṣadé, màmá ẹ jàre! Ásímà bàbá mi wà níbẹ̀. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Mo wá rántí bọ̀ọ̀dá ẹ, bó ṣe máa ń sín bí ọyẹ́ bá ti dé, tí ojú ẹ̀ á máa ṣomi, mo ṣàlàyé, dókítà ní, "Ìyẹn náà wà níbẹ̀, madam." Díẹ̀ ló kù kí n jó nínú ọ́fíìsì yẹn. Mi ò tíì sọ fún un, mò ń tọ́jú ẹ̀ de ọjọ́ ìjà.

Mo tún béèrè nípa psoriasis, àìsàn awọ tìẹ. Mi ò dárúkọ, "ọ̀rẹ́ mi kan" ni mo pè ẹ́. Ó ní ẹ̀yìn ìgbọ̀nwọ́, iwájú orúnkún àti orí ni psoriasis fẹ́ràn, pé krómósómù kẹfà (krómósómù ni okùn tó gbé àbùdá wa) ni èyí tó lágbára jù nínú àbùdá ẹ̀ wà, HLA-C ló pè é. Pé àmọ́ òun àti ẹ́kísímà jọ ní àdúgbò, pé lẹ́gbẹ̀ẹ́ filaggrin, lórí krómósómù kìn-ín-ní, ni àwọn kan tó kan psoriasis wà, àti pé ibì kan wà lórí krómósómù karùn-ún tó kan àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n bíi jáńgírọ́fà ló rí, ohun tó bá gbé ọ̀kan sókè, ìkejì ló máa ń rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní oògùn tó ń pa ẹ́kísímà gan-an ti jí psoriasis lára àwọn kan rí.

Jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ìdí tí mo fi béèrè ni pé mo fẹ́ rí ohun tí mo máa fi pa màmá ẹ lẹ́nu mọ́. Mi ò rí i. Tìẹ kọ́ ló fa ti Àdùkẹ́. Má bínú sí mi, ó ti rẹ̀ mí ni.

Àmọ́ nínú mícrà bá a ṣe ń bọ̀, mo ń wo apá ọmọ yẹn, alẹ́ tí iná lọ ní Blọ́ọ̀kù C ló kàn ń wá sí mi lọ́kàn. O ká sòkòtò sókè, o ní kí n tan tọ́ọ̀ṣì sí i, o ní tí mo bá fi lè sọ fẹ́nì kan, wọ́n á ní ẹ̀tẹ̀ ni. Mo rántí ìpara tó wà lábẹ́ ìrọ̀rí ẹ. Mo sì rántí ìlà tó gba itan ẹ bí ikùn aláboyún lẹ́yìn ìyẹn, tí mo fi ń pè ẹ́ ní ìyá àbíyè, tó o rẹ́rìn-ín, tó o wá wọ ilé ìwẹ̀ lọ sunkún. Irú ìpara yẹn náà ni, Ṣadé. Àwọ̀ páálí ló yàtọ̀.

Sátidé yìí màmá fẹ́ mú Àdùkẹ́ lọ sí Mólété, ó di ìgbà tí ilé ìwé bá wọlé. Mo ti rí ìpara méjì tuntun nínú báàgì wọn, wọ́n fi gèlè bò ó. Bọ̀ọ̀dá ẹ ní, "Wọ́n kàn ń ràn wá lọ́wọ́ ni jàre." Mo sọ ohun tí dókítà sọ fún wọn, wọ́n ní dókítà ò bímọ tó àwọn. Ìyàwó ni mí, kí ni mo tún fẹ́ sọ? Ṣùgbọ́n ìwọ, inú wọn lo ti jáde.

Bá mi pè wọ́n. Kì í ṣe torí ẹ̀jẹ̀ ta ló dáa, kí wọ́n fi ìyẹn sọ́dọ̀ mi, mo ti gbé e. Sọ ti ìpara yẹn fún wọn, ohun tó ṣe fún ẹ. Mo mọ̀ pé tó o bá sọ ìyẹn, o ti sọ ìyókù. Bí o ò bá lè ṣe é, kọ "rárá" sí mi, mi ò ní béèrè lẹ́ẹ̀kejì, ẹnikẹ́ni ò sì ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Mo tún ti lóyún, oṣù kẹta. Bọ̀ọ̀dá ẹ nìkan ló mọ̀, ìwọ wá ṣe ìkejì. Má pariwo.

Àdùkẹ́ ti tún ń họ ara, mò ń gbọ́ ọ látibí. Jẹ́ kí n lọ mú báásílìnì. Kó tó di Sátidé o.

Ìyàwó yín,
Bọ́lá