Kí káàdì ọkọ̀ wa má parí iṣẹ́ ní Agbádò

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ìjókò ní ìpínlẹ̀ Ògùn ni mo ń gbé, Yábàá ni mo ti ń ránṣọ. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2024 tí ọkọ̀ ojú irin Red Line ti ìjọba Èkó ti ń gbé èrò, ara tù mí gan-an. Màá fi káàdì Cowry, tí a fi ń san owó ọkọ̀ l'Ékòó, kan ẹ̀rọ, ọ̀nà á ṣí, ó parí.

Ṣùgbọ́n bí mo bá ti sọ̀ ní Agbádò lálẹ́, tí mo sọdá sídìí kẹ̀kẹ́ Márúwá, ohun tí màá gbọ́ ni, "Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!" Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹgbẹ̀rún náírà kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ mi. Bí wọ́n ṣe so èmi àti ìyá ẹlẹ́ja kan pọ̀ nìyẹn. A sọ̀ tán, a tún fẹsẹ̀ rìn lọ bá elépo lókùnkùn kó tó bá wa pín in. Owó sì wà nínú káàdì mi nínú báàgì! Ọkọ̀ ojú irin Ìbàdàn tó ti ń ná ọ̀nà yìí láti 2021 pàápàá, Cowry ò lè ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Ẹ wo ojú títì náà. Bí tírélà bá ṣubú ní Long Bridge, afárá gígùn tó wà ní òpópónà Èkó sí Ìbàdàn, ẹni tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn ò ní mọ̀, àfi tí mọ́tò bá ti há a mọ́ níwájú, lẹ́yìn. Ṣágámù ló yẹ kí pátákó oníná ti sọ fún un, kó lè yà gba ọ̀nà Ìkòròdú. Ìpínlẹ̀ tó nílò ìròyìn yẹn lè má jẹ́ ìpínlẹ̀ tó ni pátákó.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ DAWN Commission, àjọ ìdàgbàsókè àwọn ìpínlẹ̀ ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà, tó wà ní Cocoa House, n'Ìbàdàn: ẹ pe ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà lábẹ́ yín jọ kí kálukú tó lọ ra ẹ̀rọ tirẹ̀. Ẹ̀rọ tí ìpínlẹ̀ kan bá rà, kó lè ka káàdì ìpínlẹ̀ kejì. Kámẹ́rà tí Èkó bá gbé kọ́, kí Ògùn rí ohun tó rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe àwọn onímárúwá náà síbi ìpàdé ọ̀hún, torí àwọn ló ń gbé wa délé.

Èmi ni tiyín,
Aránṣọ kan, Ìjókò