Aṣọ Tó Mọ Ìgbà Tí Ara Ń Làágùn: Lẹ́tà sí Ọ̀rẹ́ Mi

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo sì ti kà á tó ẹ̀ẹ̀mẹta kí n tó mú kálàmù láti fèsì. Inú mi dùn láti gbọ́ pé àlàáfíà ni o wà, àti pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí o yàn láàyò kò tíì sú ọ. Ìbéèrè tí o fi parí lẹ́tà náà ni kò jẹ́ kí n tètè dá ọ lóhùn. O ní kí ló dé tí mo fi pa aṣọ olókùn fàdákà tí mo fi ọdún mẹ́ta ṣiṣẹ́ lé lórí tì, tí mo wá ń wo bí òwú lásán ṣe ń mu omi lójoojúmọ́. Mo mọ̀ pé ìwọ gan-an ń retí aṣọ náà, nítorí àwọn aláìsàn rẹ tí kò lè dìde lórí ibùsùn, tí ọ̀rinrin àti ìdùbúlẹ̀ pípẹ́ ń dá egbò sí lára. Ìdí nìyẹn tí n kò fi fẹ́ fún ọ ní ìdáhùn gbólóhùn kan.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí mo ti ṣìnà. Aṣọ ọlọ́gbọ́n ni a ń pe aṣọ tó lè mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ara ẹni tó wọ̀ ọ́ tàbí sí àyíká rẹ̀, tó sì lè tìtorí rẹ̀ yí padà tàbí kí ó ta ènìyàn lólobó. Nígbà tí Sundaresan Jayaraman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Georgia Tech ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí irú ẹ̀wù bẹ́ẹ̀ ní 1996, pẹ̀lú owó láti ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà, ohun tí wọ́n ń wá ni ẹ̀wù tí yóò fi ibi tí ọta ìbọn ti wọ ara ọmọ ogun hàn, tí yóò sì máa ka bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Wọ́n hun okùn tó ń gbé ìmọ́lẹ̀ àti okùn tó ń gbé iná mànàmáná mọ́ aṣọ náà. Iṣẹ́ ńlá ni, mo sì ń bọ̀wọ̀ fún un títí di òní. Ṣùgbọ́n ó fi àpẹẹrẹ kan lélẹ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú wa tẹ̀ lé láìbi ara wa ní ìbéèrè: pé aṣọ fúnra rẹ̀ kò gbọ́n, àfi bí a bá ki ọgbọ́n bọ inú rẹ̀ láti ìta, nípa fífi wáyà, bátìrì àti irin kún un.

Ohun tí èmi náà ṣe nìyẹn. Okùn náílọ́ọ̀nù tí a fi fàdákà bò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni mo lò. Ní ọjọ́ tí aṣọ náà kúrò lórí ẹ̀rọ ìhunṣọ, ó dára débi pé mo pe gbogbo ará yàrá ìwádìí wá wò ó. Bí ẹ̀kán omi kan ṣoṣo bá kàn án, ẹ̀rọ wa yóò sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a gbé e lọ fọ̀. Ìlànà àgbáyé wà fún irú ìfọ̀ bẹ́ẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni ISO 6330, ó sì sọ irú ẹ̀rọ tí a ó lò, bí omi yóò ṣe gbóná tó, àti bí a ó ṣe gbẹ aṣọ náà. Bí a ti ń fọ̀ ọ́ ni àwọn okùn ń ha ara wọn, tí ìbòrí fàdákà ń sán, tí mànàmáná kò sì rí ọ̀nà gbà mọ́. Kì í ṣe pé aṣọ náà dákẹ́ ló dùn mí jù. Ibi tí fàdákà náà gbà lọ ni: inú omi ìfọṣọ. Fàdákà a máa pa kòkòrò àìfojúrí, títí kan àwọn tó ń bá wa jẹ ẹ̀gbin run níbi tí a ti ń sọ omi ìdọ̀tí di mímọ́. Èmi tí mo gbà pé ìwòsàn ni iṣẹ́ mi wà fún, mo ti ń fi ọwọ́ ara mi ba nǹkan jẹ́ níbòmíràn.

A lè fi ike bo fàdákà náà kí ó má baà ha, ọ̀pọ̀ ló sì ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ohun mìíràn ni ìyẹn tún jẹ́ lórí ohun tó ti wà níbẹ̀. Nígbà tí mo tú aṣọ mi palẹ̀ lórí tábìlì, mo ka náílọ́ọ̀nù, fàdákà, okùn tó ń nà bí rọ́bà, ike ìbora àti àtè, nínú aṣọ tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ta ni yóò yà wọ́n sọ́tọ̀ nígbà tí aṣọ náà bá gbó? Ní 2017, àjọ Ellen MacArthur Foundation kọ ọ́ pé ohun tó ń padà di aṣọ tuntun nínú gbogbo ohun tí a fi ń ṣe aṣọ kò tó 1%, aṣọ lásán tí kò ní wáyà kankan nínú sì ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2025 ni òfin Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ní kí àwọn orílẹ̀-èdè inú rẹ̀ máa kó àkísà jọ lọ́tọ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí a ti so pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kíkó o jọ kò lè tú u.

Èso igi páìnì ló yí ọkàn mi padà. Tí ó bá gbẹ, àwọn ìpẹ́ rẹ̀ a là sílẹ̀ kí irúgbìn lè fò jáde. Tí òjò bá rọ̀, wọn a pa dé. Ìpẹ́ náà ti kú, kò sí ẹ̀mí nínú rẹ̀, kò sì sí bátìrì. Ìpele méjì ló ní. Nínú ìpele ìta, àwọn fọ́nrán sẹ́lúlósì, ìyẹn ohun tí ara igi àti ewéko fi ń dúró, lọ́ yí sẹ́ẹ̀lì ká, nítorí náà ìpele náà a máa gùn sí i bí omi bá dé ibẹ̀. Nínú ìpele inú, wọ́n nà gbọọrọ bí ìpẹ́ náà ṣe gùn, wọn kì í sì í jẹ́ kí ó gùn ju bó ṣe wà lọ. Apá kan ń gùn, apá kejì kọ̀, ìpẹ́ náà kò sì ní ohun mìíràn í ṣe ju kí ó tẹ̀ lọ. Ohun kan náà ni, sẹ́lúlósì kan náà. Bí a ṣe tò ó nìkan ló yàtọ̀. Mo rántí pé mo jókòó fún ìgbà pípẹ́ lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ yẹn yé mi, nítorí pé sẹ́lúlósì yìí gan-an ló kó ju 90% òwú tí mo ti ń fojú lásán wò.

Òwú máa ń wú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ju bó ṣe ń gùn lọ bí ó bá mu omi. Irun àgùntàn lè fa ọ̀rinrin tó nǹkan bí ìdá mẹ́ta ìwọ̀n ara rẹ̀ kí ọwọ́ tó mọ̀ pé ó tutù, bí ó sì ti ń fà á ni ó ń tú ooru díẹ̀ jáde. Wọ́n ti ń mọ ojú ọjọ́ kí a tó bí wa. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe báyìí kò ju pé kí n to àwọn fọ́nrán náà kí ohun tí wọ́n ti mọ̀ lè wúlò fún ara tó dùbúlẹ̀ lé wọn.

Èmi nìkan kọ́ ni mo gba ọ̀nà yìí. Ní 2015, àwọn olùwádìí kan ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà fi sẹ́ẹ̀lì bakitéríà Bacillus subtilis, tó ń wú nínú ọ̀rinrin, tó sì ń súnkì nínú afẹ́fẹ́ gbígbẹ, sára aṣọ tí wọ́n gé ojú ihò sí. Bí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá làágùn, àwọn ihò náà a ṣí lẹ́yìn rẹ̀. Ní 2019, àwọn ti Yunifásítì Maryland ṣe okùn tí apá kan rẹ̀ jẹ́ sẹ́lúlósì, tí apá kejì jẹ́ triacetate, irú sẹ́lúlósì tí a ti yí padà tí kò fẹ́ràn omi, wọ́n sì fi àwọn ọ̀pá kábọ́nù tín-ín-rín bò ó. Bí ara bá gbóná tí ó sì rin, okùn náà a fún, ojú aṣọ a là, ooru ara a sì rí ọ̀nà jáde. Bí ara bá tutù, ó di òdìkejì. Wọ́n rí i pé ooru tó ń gba inú aṣọ náà kọjá lè yí padà ju 35% lọ. Iṣẹ́ yìí wú mi lórí gidigidi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbòrí kábọ́nù náà ń mú mi rántí fàdákà mi.

N kò ní purọ́ fún ọ pé ọ̀nà yìí tẹ́jú. Àpẹẹrẹ kan rèé. Pólímà (ohun tí àwọn ẹyọ rẹ̀ kéékèèké so kọ́ra bí ẹ̀wọ̀n) tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò fún aṣọ tó ń dáhùn sí ooru ni PNIPAM, nítorí pé ó ń mu omi tí kò bá gbóná tó 32°C, tí ó bá sì ju bẹ́ẹ̀ lọ, a súnkì, a sì tú omi náà dà. Ìwọ̀n ooru awọ ara kò jìnnà sí ìyẹn, nítorí náà ó bá iṣẹ́ wa mu bí ìbọ̀wọ́ ṣe ń bá ọwọ́ mu. Ṣùgbọ́n kì í jẹrà. Ohun tó jọ ọ́, tí a lè rí láti ara sẹ́lúlósì, ni hydroxypropyl cellulose. Nǹkan bí 45°C ni ti òun ti ń yí padà, kò sì sí aláìsàn tí ara rẹ̀ yóò gbóná tó bẹ́ẹ̀. Iyọ̀ lè mú ìwọ̀n náà wálẹ̀, àmọ́ ìfọ̀ àkọ́kọ́ ni yóò gbé iyọ̀ náà lọ. Ibi tí mo wà nìyẹn, mo sì ti sùn, mo ti jí sórí rẹ̀ fún oṣù púpọ̀.

Òwú mi kò mọ ìyàtọ̀ láàrin òógùn àti omi tó dà sílẹ̀ lórí ibùsùn. Kì í sì í yára bí mànàmáná. Ìṣẹ́jú ni ó ń kà. Mo gbà pé aláìsàn tó ń dùbúlẹ̀ fún wákàtí mẹ́jọ lè fara da ìṣẹ́jú. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ń fẹ́ kí aṣọ kan náà mọ ooru, kí ó pa kòkòrò, kí ó sì máa rán ìròyìn sí fóònù. N kò bá wọn jiyàn mọ́, ṣùgbọ́n nígbàkigbà tí ẹnìkan bá dárúkọ iṣẹ́ tuntun kan fún aṣọ, ohun tí mo ń béèrè ni bóyá ohun tó ti wà nínú rẹ̀ lè ṣe é, tàbí a ó tún kó ohun mìíràn wọlé.

Ibí yìí ni mo ti nílò rẹ. Nínú yàrá ìwádìí wa, omi 40°C ni a fi ń fọ àwọn aṣọ wa, bí ẹni pé ilé ni wọn yóò máa gbé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ìlànà àwọn ilé ìwòsàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ní kí omi gbóná dé 65°C fún ìṣẹ́jú 10 ó kéré tán, tàbí 71°C fún ìṣẹ́jú 3, kí kòkòrò lè kú. Ó yẹ kí n ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọdún kìíní. Jọ̀wọ́, bá mi lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fọ aṣọ ibùsùn ní ilé ìwòsàn rẹ, kí o sì kọ ohun tí wọ́n bá sọ sí mi: bí omi wọn ṣe ń gbóná tó, irú oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń dà sí i, bóyá wọ́n ń fi irin gbígbóná tẹ aṣọ náà, àti iye ìgbà tí wọ́n ń fọ aṣọ kan kí wọ́n tó sọ pé ó ti gbó. Tí o bá lè rí ègé kan gbà lára èyí tí wọ́n fẹ́ sọ nù, fi í sínú àpò ìwé ránṣẹ́ sí mi. Mo fẹ́ wo ohun tí ìfọ̀ náà ti ṣe sí fọ́nrán rẹ̀ kí n tó ran òwú tó kàn.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.