Aago yín kò bàjẹ́, ooru ló mú un

Ẹ̀yin oníbàárà wa ní Kétu àti agbègbè rẹ̀, ẹ kú ooru o.

Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti lọ ni ẹ ti ń gbé aago wá sọ́dọ̀ wa, ohun kan náà lẹ sì ń sọ: ó ń fà sẹ́yìn. Púpọ̀ nínú wọn la dá padà láìṣí i rárá, àwọn mìíràn sì bínú pé a kò fẹ́ ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé.

QUARTZ tí wọ́n kọ sójú aago yín, òkúta ni. Ẹyọ rẹ̀ kékeré kan wà nínú agolo irin tínńtín, wọ́n gé e ní ẹlẹ́yín méjì. Bí iná bátìrì bá ti kàn án, á máa gbọ̀n nígbà 32,768 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Aago á wá máa pín iye yìí sí méjì-méjì, ẹ̀ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dógún, títí yóò fi ku ẹyọ kan tó ń ti ọwọ́ aago síwájú. Warren Marrison àti Joseph Horton ló kọ́kọ́ ṣe irú aago yìí ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1927.

Nǹkan bíi 25°C ni òkúta yìí ti ń gbọ̀n dáadáa jù. Ẹ mọ bí awọ ìlù ṣe ń dẹ̀ lásìkò òjò, tí onílù á yá a níná kó lè le padà. Ti òkúta yìí yàtọ̀: bó gbóná, yóò fà sẹ́yìn, bó tutù, yóò fà sẹ́yìn bákan náà. Bí ó bá sì ṣe jìnnà sí 25 tó ni àdánù náà ṣe ń yára pọ̀ sí i. Aago tó wà nínú ooru 40°C tọ̀sán-tòru yóò pàdánù bí 20 ìṣẹ́jú àáyá lóṣù. Bó bá jẹ́ 60°C, bíi ti inú ọkọ̀ tí a tì sínú oòrùn, ó súnmọ́ ìṣẹ́jú méjì. Ìdí nìyẹn tí aago ọwọ́ tí ẹ ń wọ̀ fi máa ń péye ju èyí tí ẹ gbé jù sínú ọkọ̀ lọ: ara yín kì í jẹ́ kó gbóná jù, kì í sì í jẹ́ kó tutù jù.

Fóònù yín kò ní ìṣòro yìí, torí pé ó ń gba àkókò látọ̀dọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ó sì ń tún ara rẹ̀ ṣe. Ẹ má fi í dá aago ògiri lẹ́bi.

Nítorí náà, ẹ má gbé aago kọ́ sábẹ́ páànù tí kò ní àjà, tàbí sára ògiri tí oòrùn ọ̀sán ń gbá. Ẹ̀yin ladánì wa ni a ń bẹ̀ jù, pàápàá lóṣù ààwẹ̀ tí sààrì kò gba àṣìṣe: ẹ máa tún aago mọ́ṣáláṣí tò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí aago bá ń pàdánù ìṣẹ́jú mélòó kan lójúmọ́, kì í ṣe ooru. Bátìrì ló ti rẹ̀, tàbí eruku ti wọ inú eyín rẹ̀, tàbí ó ti já lulẹ̀ tí òkúta náà bàjẹ́. Ìyẹn ni kí ẹ gbé wá. Bí a bá pààrọ̀ òkúta, a ó wá èyí tó bá ẹ̀rọ inú aago náà mu. Òkúta tí kò bá a mu á ṣiṣẹ́, àmọ́ kò ní péye láéláé. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sì ń bà wá lọ́kàn jẹ́ nígbà tí ẹ bá gbé e wá láti ibòmíràn.

Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀, kó fi aago sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa di ọjọ́ kejì. A ó wọn ìgbọ̀nrìrì rẹ̀, a kò sì ní gba owó fún ìyẹn.